Mo Mọ Iye Tí Ardis Ń Gbà

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kọkànlá, 2024

Galen, ọ̀gá wa, wọ ọ́fíìsì mi láàárọ̀ yìí, kò tíì bọ́ fìlà. Ó ní kí n gbé ìkéde iṣẹ́ kan síta lónìí, kó má di ọ̀la: a fẹ́ ẹnì kan sí i nídìí tábìlì wáyà, tí yóò máa fa iná sínú àwọn ilé ìpẹja tí a ń kàn fún orí adágún tó bá dì. Mo ní ṣé kò lè dúró di ọ̀sẹ̀ méjì sí i ni.

"Kò lè dúró, Corliss. Ṣé ẹ ti gbàgbé òfin yẹn ni? Tí ọdún tuntun bá ti wọlé, iléeṣẹ́ tó bá ti ní tó ọgbọ̀n èèyàn ò gbọdọ̀ kéde iṣẹ́ mọ́ láìkọ iye tó máa san sí i, láti iye báyìí dé iye báyìí. Mo fẹ́ gba ẹni yìí kí ilẹ̀kùn tó tì."

Mi ò gbàgbé. Èmi ni mo ka lẹ́tà ìjọba náà sí i létí nínú oṣù keje.

Ó bi mí pé àwa mélòó ló wà níléeṣẹ́. Mo ní mẹ́tàdínlógójì. Ó ní tí mẹ́jọ bá lọ ńkọ́? Mo ní, "Mẹ́fà nínú mẹ́jọ yẹn á jẹ́ ẹbí ẹ, wàá sì bá wọn jókòó jẹ tòlótòló lọ́jọ́ Ìdúpẹ́." Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó jáde tán, mo dìde ti ilẹ̀kùn.

Ìdí tábìlì wáyà ni Ardis wà. Mo ní láti kọ ọ́ síbì kan, torí kò sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún. Ardis Kemppainen, ọ̀rẹ́ mi, ti lo ọdún mẹ́rìndínlógún nídìí tábìlì yẹn, dọ́là mẹ́rìnlélógún àti sẹ́ńtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló sì ń gbà ní wákàtí kan. Brody, tó dé lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, tí Ardis fi ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá kọ́ níṣẹ́, ń gba mọ́kàndínlọ́gbọ̀n àbọ̀. Èmi ni mo ń ṣètò owó gbogbo wọn. Galen mọ̀, èmi náà mọ̀, Ardis ò mọ̀. Lọ́jọ́ tí iye bá hàn lára bébà, á mọ̀. Á sì mọ̀ pé mo ti mọ̀ tipẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 Oṣù Kọkànlá

Ilé kọfí LaVonne lẹ́yìn iṣẹ́, bí a ti máa ń ṣe lọ́jọ́ Ẹtì. Páì ápù fún Ardis, páì ọsàn wẹ́wẹ́ fún èmi. Ẹ̀là kan ti di dọ́là márùn-ún àti sẹ́ńtì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. LaVonne ní ẹyin tó wọ́n ló fà á.

Ardis ti gbọ́ ọ̀rọ̀ òfin náà lórí rédíò. Ó fi fọ́ọ̀kì tọ́ka sí mi. "A ó wá mọ iye tí wọ́n fi ń tan àwọn ẹni tuntun wálé. Ìwọ ti mọ̀ ní tìẹ. Àpótí tí wọ́n ju kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sódò ni ẹ́."

"Oúnjẹ ni mò ń fi ẹnu mi jẹ, Ardis."

"Mo mọ̀. Ṣé mo bi ọ́ ni? Ṣé mo tiẹ̀ bi ọ́ rí?"

Kò bi mí rí lóòótọ́. Níbí, èèyàn lè ròyìn iṣẹ́ abẹ ìfun rẹ̀ fún ọ nídìí oúnjẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ṣùgbọ́n kò ní sọ iye tó ń gbà fún ọ. Àwọn ọkọ kan wà tí wọn ò sọ fún ìyàwó wọn.

Nígbà tí bíìlì dé, ó nawọ́ sí i, mo ti mú un. "Corliss Ahlgren, ṣé owó ń yún ọ lọ́wọ́ ni? Ọdún mélòó lo fẹ́ fi bọ́ mi ní páì?" Mo ní kó jẹ́ kí n jayé orí mi. Mo san án, bí mo ti ń san án.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Kọkànlá

Ìbọn ń dún láti ìdájí. Ọjọ́ kìíní ọdẹ àgbọ̀nrín ni. Yìnyín rọ̀ díẹ̀, kò dúró nílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Kọkànlá

Ọjọ́ mẹ́wàá, kò sẹ́ni tó bèèrè iṣẹ́ náà. Rárá, mo purọ́: ọkùnrin kan pè láti Blackduck, ó fẹ́ mọ̀ bóyá a máa ń ra ìwo àgbọ̀nrín.

Galen, ọmọ bíbí ìlú yìí, tí bàbá rẹ̀ ti fa ìbọn lé lọ́wọ́ lọ́mọ ọdún méjìlá, ọ̀sẹ̀ àgbọ̀nrín ló yàn láti wá òṣìṣẹ́! Ta ló wà nílé tó máa ka ìkéde? Ìdajì ọkùnrin àgbègbè yìí ló wà lórí igi tí wọ́n ti ń ṣọ́ àgbọ̀nrín, ìdajì yòókù ń bó awọ nínú gáráàjì. Mo pè é láti sọ fún un. Wúyẹ́wúyẹ́ ló ń sọ̀rọ̀.

"Galen, ibo lo wà?"

"Orí igi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀, abo méjì ń bọ̀ nísàlẹ̀."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé tí kò bá rí ẹnì kankan gbà kí ọdún tó parí, ẹ̀rín náà á parí.

Ọjọ́ Ajé, 25 Oṣù Kọkànlá

Ọdẹ ti parí. Èèyàn méjì kọ̀wé. Ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé àwọn méjèèjì: èló ni? Galen ní kí n fèsì pé ó dá lórí ìrírí. Mo fèsì bẹ́ẹ̀. A ò gbúròó wọn mọ́. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń kọ "ó dá lórí ìrírí" sínú lẹ́tà, Ardis sì ni ìrírí ẹ̀ pọ̀ jù nínú gbogbo wa.

Ọjọ́bọ̀, 28 Oṣù Kọkànlá

Ọjọ́ Ìdúpẹ́. Ardis gbé àwo tòlótòló àti ọ̀dùnkún wá fún mi nírọ̀lẹ́. Aṣọ iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì etí títì, níbi tó ti ń ṣe iṣẹ́ kejì, ló wà lọ́rùn rẹ̀. Mo rò pé ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan ló ń lọ tún yàrá ṣe níbẹ̀. Ó ní ìlọ́po méjì ni wọ́n ń san lọ́jọ́ ọdún, pé ẹ̀yìn tó ń dun Wendell ọkọ rẹ̀ ò tíì jẹ́ kó padà sídìí ọkọ̀ ìgẹdú, àti pé ẹ̀rọ tó ń mú ilé wọn gbóná ti tún kọṣẹ́.

"Jókòó, kí o sinmi," mo wí.

"Tí mo bá jókòó, mi ò ní dìde mọ́. Orúnkún mi ló ń ṣàròyé, èmi ò ṣàròyé."

Ó lọ. Mi ò lè jẹ ẹran náà. Ajá ló jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Oṣù Kejìlá

Ọmọbìnrin kan wá láti Grand Rapids lónìí, Shayla Brandvold ló ń jẹ́, ó wá fún iṣẹ́ wáyà. Ardis mú un lọ sídìí tábìlì, ó fún un ní wáyà, ó ní kó ṣe é kí òun rí i. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, ó yọjú lójú fèrèsé mi: "Ọwọ́ ẹ̀ mọ́. Ẹ gbà á kí ẹlòmíì tó gbà á." Inú rẹ̀ dùn bíi pé ọmọ òun ló yege.

Galen pe Shayla wọ ọ́fíìsì mi, ó ní òun á san mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ojú mi wà lórí kọ̀ǹpútà. Ardis sì wà lẹ́yìn ògiri níbẹ̀, ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀.

Ọmọ náà ní òun á rò ó wò. Mo gbàdúrà kó gbà. Mi ò rò pé irú àdúrà yẹn ń gòkè lọ síbi tó dára.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Oṣù Kejìlá

Ó gbà! Ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní ló máa bẹ̀rẹ̀. Kò ní sí bébà, kò ní sí iye. Omi adágún ti dì, ó nípọn tó ìka mẹ́rin, ilé ìpẹja àkọ́kọ́ sì ti wà lórí rẹ̀ lọ́nà ọgbà ọkọ̀ ojú omi. Ara tù mí, ojú sì ń tì mí pé ara tù mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Oṣù Kejìlá

Ardis fún mi ní ìbọ̀sẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun. Pupa. Ó bá mi lẹ́sẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 30 Oṣù Kejìlá

Shayla pè lágogo mẹ́jọ àárọ̀. "Ẹ má bínú, mà. Mi ò ní lè wá mọ́." Iléeṣẹ́ kan ní Duluth ti gbé ìkéde tiwọn jáde ṣáájú òfin, wọ́n sì kọ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sí i gàdàgbà. "Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé èèyàn lè bèèrè tó bẹ́ẹ̀," ọmọ náà wí. Ohùn rẹ̀ dà bí ẹni tó fẹ́ sunkún fún mi.

Galen fẹsẹ̀ gbá garawa ìdalẹ̀nù. Mo ṣa àwọn bébà padà sínú rẹ̀. Tí a bá tún kéde lẹ́yìn ọdún tuntun, iye á wà lára bébà.

Ọjọ́bọ̀, 2 Oṣù Kìíní, 2025

Galen ní kí n kọ "láti ogún dé márùndínláàádọ́ta". Mo ní òfin sọ pé iye tí a ní lọ́kàn láti san ni kí a kọ. Ó ní kí n kọ "láti ogún lọ sókè". Mo ní òfin ní a gbọ́dọ̀ dé ibì kan dúró.

"Ẹ ti di lọ́yà."

"Èmi ka lẹ́tà, ìwọ ń wo bọ́ọ̀lù orí yìnyín."

Nígbà tó yá, ó jókòó. Ó ní kó jẹ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n dé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, Duluth á kó gbogbo wọn tán. Mo kọ ọ́. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó yàrá oúnjẹ. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ni kí ẹ gbé e sí."

Bàbá rẹ̀ ló fi lélẹ̀ pé ìkéde iṣẹ́ èyíkéyìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lo ọjọ́ mẹ́ta lára pátákó yẹn kó tó jáde, kí òṣìṣẹ́ lè sọ fún ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìdajì wa ṣe rí iṣẹ́ níbí. Ti oṣù kọkànlá náà wà níbẹ̀, láìní iye.

"Wọ́n á bèèrè ìdí tí kò fi sí níbẹ̀," mo wí.

"Níbí? Ta ló máa bèèrè?"

Òótọ́ ló sọ. Kò sẹ́ni tó máa bèèrè. Ó ṣí ilẹ̀kùn àbáyọ sílẹ̀ fún mi, mo sì fẹ́ gba ibẹ̀ jáde. Mi ò ní purọ́ nínú ìwé ara mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 3 Oṣù Kìíní

Mo ti pinnu pé lónìí ni màá sọ fún un, lẹ́nu ara mi, lọ́dọ̀ LaVonne. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ardis gé páì rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wọnú, ó ní alẹ́ mẹ́ta làwọn fi wọ kóòtù àwọ̀lékè sùn nítorí ẹ̀rọ yẹn.

"Ardis, nǹkan kan wà tí mo..."

"Kí ni?"

"Páì yìí mà dùn lónìí o."

Ó wò mí. "Bó ṣe máa ń dùn náà nìyẹn." Mo sanwó.

Àwọn àgbà ní a kì í dákẹ́ ṣìwí, a kì í wò sùn-ùn dáràn. Ọdún mẹ́fà ni mo ti dákẹ́, mo wò sùn-ùn, ọ̀ràn náà sì rèé.

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kìíní

Mo dé ibi iṣẹ́ lágogo mẹ́fà ku díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mo lẹ bébà náà mọ́ pátákó. Mo já a kúrò. Mo tún lẹ̀ ẹ́. Mo fi píìnì mẹ́rin kàn án mọ́ ọn, kí ọwọ́ mi má bàa lè já a kíákíá. Ohun tí ẹnu mi ò lè sọ, mo ní kí bébà sọ ọ́. Ojo ni mí, mo mọ̀.

Nígbà tí wọ́n wọlé, kò sẹ́ni tó kà á. Ìwé ìkìlọ̀ iná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń kà. Ìwé yẹn ti wà níbẹ̀ láti ọdún 2017, mi ò rí i kí wọ́n kà á tó báyìí rí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá sójú fèrèsé mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Òtútù mú o, Corliss."

"Ó mú o."

"Mo rí i pé ẹ lẹ bébà kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó dáa."

Wọ́n á sì lọ. Mẹ́rin ló ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó di agogo mẹ́wàá.

Lágogo mẹ́wàá, gbogbo wa wà ní yàrá oúnjẹ. Kéèkì ṣokoléètì tí ìyá Brody fi ránṣẹ́ wà lórí tábìlì, ó ti ku ẹyọ kan. Ó yẹ kó rí bó ṣe máa ń rí: ẹnì kan á gé e sí méjì, á mú ìdajì, ẹlòmíràn á gé ìdajì náà sí méjì, títí yóò fi ku bíńtín bí èékánná, tí a ó sì gbé e dànù lọ́jọ́ kejì. Kò sẹ́ni tó ń mú ẹyọ tó kẹ́yìn níbí. Láti kékeré ni wọ́n ti ń gbá wa lọ́wọ́ nítorí rẹ̀.

Ardis dúró níwájú pátákó. Ó fi gíláàsì ojú rẹ̀ wọ̀, ó ka bébà náà láti òkè délẹ̀, ó sì tún un kà. Ó bọ́ gíláàsì. Ó rìn wá sídìí tábìlì, ó mú ẹyọ kéèkì tó kẹ́yìn lódindi, ó jókòó, ó sì jẹ ẹ́ tán. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Ardis ò wo ẹnikẹ́ni, àmọ́ nígbà tó nu ọwọ́ tán, ó wò mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Oṣù Kìíní

Ardis wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ṣé lóòótọ́ ni bébà yẹn?"

"Lóòótọ́ ni."

"Ẹni tó máa wọlé lọ́la, tí mi ò tíì fojú rí, á gba mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ó kéré tán?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ardis."

"Mo bi Brody ní tiẹ̀. Mo bi í, Corliss! Ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ó sọ fún mi láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó ní, 'Mo rò pé tiyín ju tèmi lọ, mà, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi?' Ojú rẹ̀ pọ́n kanlẹ̀. Brody nìyẹn. Ìwọ ńkọ́? Ọdún mélòó lo ti mọ̀?"

Mo lè sọ pé wọ́n ní kí n má sọ. Mo lè sọ pé iṣẹ́ mi ni. Mo ní, "Mẹ́fà. Láti ọjọ́ tó dé."

Mo rí i tó ń wá nǹkan kan nínú orí rẹ̀, mo sì mọ ìgbà tó rí nǹkan náà.

"Ìdí tí o ò fi jẹ́ kí n sanwó páì rí nìyẹn."

Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó lọ.

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kìíní

Ọkọ̀ mi ò ṣíná. Òtútù wọ digírì méjìlélógún lábẹ́ òdo. Ardis kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbi ìwọlé, kò kí mi. Ọdún mẹ́rìndínlógún, a ò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó dùn mí dé egungun.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 Oṣù Kìíní

Mo dá lọ sí ọ̀dọ̀ LaVonne. Ó gbé fọ́ọ̀kì méjì sílẹ̀ kí n tó sọ fún un. Mo jẹ ìdajì páì mi, mo sì fi fọ́ọ̀kì kejì sílẹ̀ níbi tó wà.

Ọjọ́ Ajé, 13 Oṣù Kìíní

Ardis yọjú lójú fèrèsé mi. Kò wọlé.

"Mo ti sọ fún Galen pé mo fẹ́ rí i lọ́jọ́rú, agogo mẹ́sàn-án. Ìwọ náà á wà níbẹ̀."

"Kí lèmi fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

"O ti fi bébà sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kí o fi ẹnu sọ ọ́, níwájú rẹ̀, níwájú mi."

Mo bi í pé tí Galen bá lé mi ńkọ́. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí, opó sì ni mí. Iṣẹ́ yìí ló ń gbé owó ìtọ́jú àrùn ọkàn mi.

"Mi ò mọ̀," ó wí. "Orúnkún tèmi náà, mi ò mọ ẹni tó ń gbé e." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ì bá sàn fún mi ká ní ó bínú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Kìíní

Mo fọ gbogbo fèrèsé ilé, nínú òtútù yìí.

Ọjọ́rú, 15 Oṣù Kìíní

Ó ti kọjá.

Ardis wọ búláòsì ìsìn ọjọ́ Àìkú. Galen ti mọ ohun tó ń bọ̀, ó yára sọ̀rọ̀: "Ẹ wò ó, Ardis, ẹ̀yin ò bèèrè rí. Brody bèèrè lọ́jọ́ tó dé. Ẹni tó bèèrè là ń fún."

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn bá Ardis níbi tó ti ń dùn ún tẹ́lẹ̀. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wolẹ̀. Ó wá yíjú sí mi, ó ń dúró dè mí.

Mo dìde. Mi ò mọ ìdí tí mo fi dìde. Mo ní: "Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kìíní ọdún 2019, Galen, o ní kí n kọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n fún Brody. Mo ní Ardis ń gba mọ́kànlélógún àti àbọ̀, òun ló sì máa kọ́ ọ níṣẹ́. O ní kí n má da ọbẹ̀ rú, pé kò tíì ráhùn. Mo kọ ọ́. Ọwọ́ yìí ló kọ ọ́. Gbogbo ìgbà tí o bá fi kún owó wọn, o ń fi kún àlàfo náà, mo sì ń kọ ọ́."

"Ẹ̀yìn ta lẹ wà gan-an, Corliss?"

"Mo ti wà lẹ́yìn ẹ fún ọdún mẹ́fà. Ó ti sú mi."

Ojú rẹ̀ pọ́n. Mo ti nu imú ọmọ yìí rí níbi àpèjẹ ọdún iléeṣẹ́, mi ò sì bẹ̀rù rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó yíjú sí Ardis: "Ó dáa. Kí lẹ fẹ́? Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n àbọ̀, bíi ti Brody?"

"Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n."

"Ardis!"

"Ìwọ lo kọ ọ́ sára ògiri. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n dé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Òfin ní iye tí o ní lọ́kàn láti san ni. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n yẹn, ta lo ń fi pamọ́ dè? Ta ló tún ń bọ̀ tó mọ iṣẹ́ yẹn jù mí lọ?"

Galen dé fìlà rẹ̀. Ó ní òun á rò ó wò. Ardis ní, "O ṣé, Galen," ó sì jáde, torí níbí, bí a tilẹ̀ fẹ́ pa ara wa, a ó dúpẹ́ kí a tó lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 Oṣù Kìíní

Galen ò bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń fi ìwé ránṣẹ́ sí mi láti yàrá kejì. Mi ò lọ sọ́dọ̀ LaVonne.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 Oṣù Kìíní

Galen gbé ìwé kan sórí tábìlì mi, kò jókòó. Ardis Kemppainen, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ yìí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà tó lọ. Lábẹ́ rẹ̀, orúkọ mẹ́rin mìíràn, àwọn tó wá sọ fún mi pé òtútù mú, owó tiwọn náà ti lọ sókè.

"Ṣé inú yín ti dùn?" ó bi mí.

"Rárá," mo wí, òtítọ́ sì ni.

Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Bàbá mi ì bá ti lé yín."

"Bàbá ẹ ló ní kí n máa lẹ bébà mọ́ pátákó."

Ó lọ. Mo tẹ iye náà sínú kọ̀ǹpútà, mo wo nọ́ńbà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó má lọ jẹ́ pé mo ṣì í. Ọmọkùnrin méjì àti obìnrin kan ti bèèrè iṣẹ́ wáyà náà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bi mí pé èló ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 Oṣù Kìíní

Mo gba etí títì lọ ra oúnjẹ ajá. Ẹyin ti di dọ́là márùn-ún ó lé. Ọjọ́ iṣẹ́ Ardis níbẹ̀ ni, àmọ́ ọkọ̀ rẹ̀ ò sí níwájú òtẹ́ẹ̀lì. Mo padà kọjá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì kó dá mi lójú. Kò sí níbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 31 Oṣù Kìíní

Mo dá lọ sọ́dọ̀ LaVonne, mo jókòó síbi tí a máa ń jókòó. Mo ti ní kí ó gbé páì ọsàn wá nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, tí atẹ́gùn tútù wọlé, tí Ardis sì wọlé tẹ̀lé e. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó jókòó níwájú mi, ó ní kí LaVonne gbé ápù wá.

A jẹun. Ó ní ẹ̀rọ ilé wọn ti ń ṣiṣẹ́. Mo ní ó dáa. Ó ní ẹni tuntun tí wọ́n gbà máa ń gé wáyà gùn jù. Mo ní, "Wàá kọ́ ọ." Ó ní, "Màá kọ́ ọ. Màá sì sọ iye tí mò ń gbà fún un kó tó mú àlùmọ́gàjí."

Lẹ́yìn náà, ó gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Mi ò tíì dárí jì ọ́ o, Corliss. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá rántí páì wọ̀nyẹn, ó máa ń kó mi nírìíra."

Mo ní mo mọ̀. Mo ní, "Mo bẹ̀ ọ́." Omi bọ́ lójú mi sórí páì, mi ò nù ún.

LaVonne dé pẹ̀lú ìwé rẹ̀, ó wò mí, ó wo Ardis. Ọdún mẹ́fà ni kò ti bèèrè. Lónìí, ó bèèrè: "Bíìlì kan ni, àbí méjì?"

Ọwọ́ mi ti ń lọ sínú báàgì. Ardis gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì.

"Méjì, LaVonne. Láti òní lọ, gbogbo ọjọ́ Ẹtì, méjì ni."

Mo san tèmi, ó san tirẹ̀. Mo di "gbogbo ọjọ́ Ẹtì" yẹn mú délé, mo sì ń kọ ọ́ síbí kó má bàa bọ́ lọ́wọ́ mi.